Irin Òkèèrè Tí Ó Gbọ́ Èdè Yorùbá

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa láti ìgbà tí a ti padà dé láti Agége, níbi tí a ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a kò sì rò pé ó tọ́ kí a gbé e mì. Ọ̀rọ̀ orin ni. Ẹgbẹ́ eléré kan lókìkí ní ìlú Èkó, tí púpọ̀ nínú wa mọ orúkọ olórí rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi etí sílẹ̀ gbọ́ rí. A fẹ́ sọ ohun tí a rí nínú orin wọn àti bí ó ti dùn mọ́ wa tó. A sì fẹ́ sọ ìdí tí a fi gbà pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wí pé òwe ni ìlù àgídìgbo: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ijó nìkan ni ó wà nínú orin yìí, a kì bá tí fi gba àyè nínú ìwé ìròyìn wa.

Ẹgbẹ́ náà ni African Beats, olórí rẹ̀ sì ni Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó tí a bí ní Òṣogbo ní ọdún 1946. Ní ọdún 1967 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó kọ́kọ́ pè ní Green Spots; lẹ́yìn náà ni ó yí orúkọ náà padà sí African Beats. Orin jùjú ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ jùjú ní òde ìnáwó, láàárín ariwo àwọn alásè àti ìró ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná, kò lè gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ: yóò gbọ́ ìlù, yóò sì gbọ́ oríkì ẹni tí ń náwó. Ẹni tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ nìkan ni ìdajì kejì yóò yé.

Ilé tí a wọ̀ sí ní Agége kò jìnnà sí ojú irin. Onílé wa jẹ́ àgbàlagbà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Bàbá náà sọ fún wa pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ariwo irin ni etí àwọn ń gbọ́ nílé-iṣẹ́. Bí ó bá sì di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, irin tí ń kọrin ni àwọn fi ń fọ ariwo náà kúrò létí. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé wa títí ó fi gbé àwo kan sí orí ẹ̀rọ. Juju Music ni orúkọ àwo náà, ilé-iṣẹ́ Island ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì gbé e jáde ní ọdún 1982.

A ń kọ ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé lọ́wọ́ nígbà tí orin àkọ́kọ́, Ja Funmi, bẹ̀rẹ̀. Gìtá kan sọ gbólóhùn kékeré kan, ó sì ń tún un sọ bí ẹni tí ń ka owó. Gìtá mìíràn já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, gángan sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan yọ láàárín wọn, tí ó tínrín tí ó sì gùn bí òwú tí obìnrin ń ran, tí ó ń gòkè láìfi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn. Ọ̀kan nínú wa ní gòjé ni; òmíràn ní ó dà bí ohùn ọmọbìnrin tí ń sun ẹkún ìyàwó. Bàbá onílé rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, gìtá ni. Irin ni wọ́n ń fà lórí rẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá orin wọn kiri. A lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì bá wa kó àwọn orin àtijọ́ sínú fóònù. A gbọ́ wọn ní òwúrọ̀ bí a ti ń rìn lọ sí ilé-ìwé, a sì gbọ́ wọn ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí ó wù wá jù nínú orin wọnyí ni sùúrù. Nínú àwọn àwo tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ilé, orin kan a máa wọ inú òmíràn láìdúró títí ojú kan àwo yóò fi parí, bí ìgbà tí àgbà ń pìtàn tí ó sì ń yà sí ọ̀nà mìíràn láìsọ ibi tí ó ń lọ nù. Olórí wọn kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀, àwọn elégbè rẹ̀ a sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí gìtá ti pọ̀ tó nínú ẹgbẹ́ náà, kò sí èyí tí ń fi igbe bo èkejì mọ́lẹ̀. Olúkúlùkù ní ìwọ̀nba tirẹ̀ láti sọ, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ìbá dára kí ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa rí bẹ́ẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé irin náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Gìtá yìí kò dà bí èyí tí a ń fi kọ́ ọrùn. Orí ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó dúró lé bí tábìlì tóóró. Okùn mẹ́wàá ni ó sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ń ta á a sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ òsì a di ọ̀pá irin dídán kékeré kan mú, a sì máa yọ́ ọ lọ yọ́ ọ bọ̀ lórí okùn láìtẹ okùn mọ́ igi. Ọwọ́ ọ̀tún a máa ta okùn. Ẹsẹ̀ a máa tẹ àwọn irin kan nísàlẹ̀, orúnkún a sì máa ti àwọn mìíràn sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ irin, okùn a le sí i, ohùn a sì gòkè nígbà tí okùn náà ṣì ń dún lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé gángan. Onílù a há gángan sí abíyá. Bí ó bá fún ọsán rẹ̀, awọ a le, ohùn a gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, awọ a rọ̀, ohùn a wálẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí onílù wa fi apá ṣe sí awọ ni elére òkèèrè fi ẹsẹ̀ ṣe sí okùn. A kò sọ pé ọ̀kan kọ́ ọ lọ́wọ́ èkejì. Ohun tí a sọ ni pé nígbà tí wọ́n pàdé ní Èkó, wọ́n dá ara wọn mọ̀.

Ọ̀nà tí irin yìí gbà dé Èkó gùn, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni ìtàn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní àwọn erékùṣù Hawaii, láàárín Òkun Pàsífíìkì, ni a ti bí Joseph Kekuku ní ọdún 1874. Ní nǹkan bí ọdún 1889, nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé Kamehameha ní ìlú Honolulu, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ́ okùn gìtá. Ní ọdún 1904 ó gbé ọgbọ́n náà lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ará ìgbèríko ibẹ̀ gbà á sínú orin tiwọn, tí a ń pè ní orin kọ́ńtírì: orin oko, orin ọ̀nà jíjìn, orin ìyá tí a fi sílẹ̀ nílé àti ìfẹ́ tí ó bàjẹ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi irin ẹsẹ̀ kún un. Bud Isaacs ni ó kọ́kọ́ mú kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tí irin ẹsẹ̀ náà lè ṣe, nínú orin kan tí Webb Pierce kọ, Slowly, tí ó lókìkí ní ọdún 1954. Ó tẹ irin nígbà tí okùn ń dún lọ́wọ́, àwọn elére ìyókù sì yára lọ tún gìtá tiwọn ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orin kọ́ńtírì jẹ́ àjèjì sí wa pátápátá. Banjò tí a mọ̀ mọ́ orin náà, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ ni ó ti jáde. Igbá àti awọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é ní òkè òkun. Nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1930, banjò ti padà wá sí Èkó, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ orin jùjú. Bákan náà ni ohùn Jim Reeves, akọrin kọ́ńtírì tí ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1964, ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa nípasẹ̀ rédíò, pàápàá ní àsìkò Kérésìmesì. Àwọn òbí púpọ̀ tí kò mọ ibi tí Tennessee wà mọ orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Jùjú fúnra rẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò rí. Tunde King ti Olówógbowó ní tanborí́ìnì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, irú èyí tí àwọn Ọmọ Ogun Ìgbàlà fi ń kọrin ní ìgboro. Akanbi Ege mú gángan wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1948. Ayinde Bakare fi iná mọ̀nàmọ́ná sí gìtá rẹ̀ ní ọdún 1949. I. K. Dairo mú akọ́díọ̀nù wá, a sì fún un ní oyè M.B.E. ní ọdún 1963. Nítorí náà, nígbà tí Démọ́lá Adépọ̀jù jókòó ti gìtá onírin láàárín ẹgbẹ́ African Beats, ẹnu ọ̀nà tí ó ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́ ni ó gbà wọlé.

Ẹ wo ibi tí ó já sí. Ní ọdún 1983 ẹgbẹ́ náà kọrin káàkiri Amẹ́ríkà. Àwo wọn tí a ń pè ní Synchro System wà lára àwọn tí a yàn fún ìdíje ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1984. Ní ọdún 1986 Paul Simon, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé àwo Graceland jáde, Adépọ̀jù sì ni ó ta gìtá onírin nínú orin tí ó fún àwo náà ní orúkọ. Orin náà sọ nípa ìrìn-àjò lọ sí ìlú Memphis ní Tennessee, ní àárín ilẹ̀ tí irú orin bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ó bá wọn ta irin tiwọn fún wọn. Ẹni tí ó yá nǹkan lò ti mọ̀ ọ́n lò débi pé ẹni tí ó ni ín wá bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀wẹ̀.

Nísinsin yìí a dé orí ohun tí a fẹ́ sọ gan-an. Gbogbo wa ni a ń fi dò, re, mí kọ́ àwọn ọmọdé ní ohùn Yorùbá: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mí fún ti òkè. Ó dára, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ pe ìyá, ẹ pe ìwé, ẹ pe ọ̀rẹ́, kí ẹ sì fetí sí ara yín. Ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà; ó ń yọ́ gòkè ni. Ẹ pe rárà, ẹ pe gígùn: ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀lé ti òkè ń yọ́ wálẹ̀ ni. Èdè wa ní àtẹ̀gùn, ó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Dùùrù inú ilé ìsìn kò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí a ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni ó ń dún, kò sí ohun kan láàárín ọ̀kan àti èkejì. Gángan lè yọ́. Gòjé lè yọ́. Gìtá onírin náà lè yọ́. Èyí ni ó mú kí ohùn rẹ̀ jọ ohùn ènìyàn létí wa ní Agége, kí a tó mọ orúkọ rẹ̀.

A mọ̀ bí ó ti rí nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Orin a gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ a di ọkọ́, ìgbà a di igbá, a ó sì máa kọ ọ́ lọ tọkàntọkàn láìmọ ohun tí a ń wí. Àwọn baba wa nínú ìjọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ọ̀rọ̀ ìsìn sí ohùn ilẹ̀ wa, ó sì lọ kọ ọ́ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, tí ó ta dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ó sì jà fún orin tí yóò máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ Ransome-Kuti kan náà ni Fẹlá, tí ilé eré rẹ̀ wà ní Ìkẹjà kí ó tó kú ní ọdún 1997. Ìjà lórí ohùn ọ̀rọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe aláìnísìn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì kẹrin tí a kọ́. A ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde kí ó sọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní oníṣòwò ni bàbá òun. Àwọn ọmọ ìyókù bú sẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé onílù ni bàbá rẹ̀, pé gángan ni ó ń lù fún ẹgbẹ́ jùjú ní òde ìnáwó. Nígbà tí a pè é sẹ́yìn, ó sọ fún wa pé olùkọ́ kan ti sọ níwájú kíláàsì rí pé iṣẹ́ alágbe ni ìlù lílù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó sì ti kọ́ láti fi ẹni tí ń bọ́ ọ pamọ́.

A tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ, ó sì gbà kí bàbá ọmọ náà wá. Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ó dé pẹ̀lú gángan rẹ̀, ó wọ aṣọ tí ó mọ́, ó sì kí gbogbo kíláàsì bí ẹni tí ó wá sí ààfin. A kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sí ojú pátákó: igba, igbá, ìgbà, igbà, ìgbá. A ní kí ó fi ìlù pe ọ̀kan, kí àwọn ọmọ sì wí èyí tí ó jẹ́. Wọ́n ṣì í ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ní èkejì; lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò ṣì í mọ́. Nígbà tí ó lu ìgbá, ọmọbìnrin kan ní, “Tíṣà, ìlù yẹn yọ̀ lọ sókè.” Ohun tí a ti ń fi ẹfun kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yìí fi etí rẹ̀ mú ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà náà ni a gbé Ja Funmi sí wọn létí láti inú fóònù, a sì ní kí wọ́n nawọ́ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ohun mìíràn tí ń yọ̀ bí ìlù náà. Ọmọ onílù ni ó kọ́kọ́ nawọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ kọ́ wọn ní ìlù lórí tábìlì.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní ohun tí wọ́n máa wí sí èyí. Èkíní, wọ́n lè wí pé orin ilé ọtí ni jùjú. A kò jiyàn pé a ń kọ ọ́ níbi tí ọtí wà. Ṣùgbọ́n a ń sọ òwe níbi tí ọtí wà pẹ̀lú, a kò sì tìtorí èyí yọ òwe kúrò nínú ìwé kíkà. I. K. Dairo tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ èèkàn nínú ìjọ Aládùúrà. Àwọn tí wọ́n sì ń kọ jùjú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a máa wà nínú ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi gẹ́gẹ́ bí àwa náà.

Èkejì, wọ́n lè wí pé oríkì olówó ni ó kún inú rẹ̀. Èyí jẹ́ òtítọ́, ó sì dùn wá. Ọ̀pọ̀ ohùn dáradára ni ó ti ṣòfò lórí kíki ẹni tí kò ṣe ohun kan fún ìlú ju kí ó lẹ owó mọ́ iwájú orí lọ. A kò ní kí a kọ́ ọmọdé ní irú èyí. Olùkọ́ tí ó ń yan àyọkà láti inú ìwé mọ bí a ti ń yàn. Kí ó yan orin bákan náà.

Ẹ̀kẹta, wọ́n lè wí pé irin òyìnbó kò yẹ nínú orin Yorùbá. Gòjé tí a ń fi yangàn, láti òkè Ọya ni ó ti wá sọ́dọ̀ wa. Ẹfun tí a fi ń kọ̀wé, ọkọ̀ òkun ni ó gbé e dé. Kì í ṣe ibi tí ohun èlò ti wá ni ó yẹ kí a bèèrè, bí kò ṣe ẹni tí ń pàṣẹ fún un. Ẹ tún fetí sí ẹgbẹ́ African Beats dáradára. Gìtá onírin náà kì í ṣáájú. Ìlù ni í sọ̀rọ̀, orin ni í tẹ̀lé e, irin òkèèrè a sì dúró títí àyè rẹ̀ yóò fi ṣí, kí ó tó fi ohùn tirẹ̀ gbe ọ̀rọ̀ ilé lẹ́sẹ̀. Ó jẹ́ àlejò tí ó mọ ìwà.

Ibí yìí ni a ti rí ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ wa. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń kó wọ kíláàsì ni ó ti òkèèrè wá: ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ìkọ́ni tí a kà nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. A kò lè dá wọn padà, kò sì yẹ kí a dá wọn padà. Ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ láti pinnu bóyá wọn yóò jókòó sí àyè olórí, tí ọmọ yóò sì máa fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ pamọ́ nítorí wọn, tàbí wọn yóò dúró sí àyè irin náà, kí wọ́n máa gbe èdè ọmọ náà àti ọgbọ́n ilé rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré kan ní Èkó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, láìsọ̀rọ̀ ńláńlá nípa rẹ̀.

Àbá mẹ́ta ni a ní. Àkọ́kọ́ ni pé kí yàrá orin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí dùùrù nìkan wà nínú rẹ̀, ní gángan kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, àti àkójọ orin jùjú tí àwọn olùkọ́ wa bá yàn, kí a máa gbọ́ wọn ní wákàtí orin. Èkejì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò kọ orúkọ àwọn ohun èlò orin àdúgbò tí ó bá wọ̀ sí sílẹ̀, àti bí a ti ń lò wọ́n; Agége nìkan tó fún ìwé kan. Ẹ̀kẹta ni pé kí a pe onílù kan wá kọ́ wa ní ohùn èdè Yorùbá lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń san án fún olùkọ́, nítorí olùkọ́ ni.

Bí àbá wọnyí kò bá tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kí ó mú kálámù, kí ó dá wa lóhùn ní ojú ewé yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ ọ́, a bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá àwo náà, kí ó jókòó sí ibi tí ariwo kò sí, kí ó sì fetí sí irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.